Bí A Ṣe Ń Ka Iye Ọmọ Ogun Jámánì àti Iye Àwọn Tó Bógun Lọ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ ogun Jámánì mélòó ló kú nínú Ogun Àgbáyé Kejì, mi ò kì í dárúkọ iye kankan kí n tó béèrè tèmi: ta ló kà wọ́n, ọjọ́ wo ló sì kà wọ́n dé? Ẹ ṣí ìwé kan, mílíọ̀nù 2 lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ ṣí òmíràn, mílíọ̀nù 4 ni. Ìwádìí tí Rüdiger Overmans, òpìtàn ọmọ Jámánì, tẹ̀ jáde lọ́dún 1999 ní ó lé ní mílíọ̀nù 5.3. Àwọn tó kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí wọ́n kà ló yàtọ̀ síra, ibi tí ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ sí jù ni òpó kan nínú ìwé wọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò dá.

Akáńtáǹtì ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, Kassel nílẹ̀ Jámánì ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ilé ọkọ ló sọ mí di ẹni tó ń ka ìwé òkú. Bàbá tó bí ìyá ọkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ jagun ní ìhà Rọ́ṣíà, oṣù kẹfà ọdún 1944 ni wọ́n sì gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọ kékeré ni ìyá ọkọ mi nígbà náà. Oma ni gbogbo ilé ń pè é. Nígbà tí Oma ní òun fẹ́ mọ ibi tí bàbá òun wọlẹ̀ sí, èmi ìyàwó tó mọ ìwé ìṣirò kà ni wọ́n gbé páálí ìwé náà fún. Bí mo ṣe máa ń to iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo ṣe tò ó síbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń sọ

Orúkọ kan ṣoṣo ni aráàlú ń pè, "ọmọ ogun Jámánì", ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ orúkọ yẹn pọ̀. Ti ọba Kaiser, tó jagun láti 1914 sí 1918, kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 ọkùnrin jọ kí ogun tó parí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 nínú wọn ni kò padà wálé. Àdéhùn Versailles ti ọdún 1919 wá gé wọn kù sí 100,000 lórí ilẹ̀ àti 15,000 lójú omi, wọn ò gbọdọ̀ ní ọkọ̀ òfuurufú ogun, wọn ò gbọdọ̀ ní ọkọ̀ abẹ́ omi. Oṣù kẹta ọdún 1935 ni Hitler ti àdéhùn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Wehrmacht: ti ilẹ̀, ti omi, ti òfuurufú.

Waffen-SS kò sí lára wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler ló ni ìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú ogun kan náà ni wọ́n jọ wà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí tábìlì tó ní "òkú Wehrmacht", ẹ wò ó bóyá wọ́n da Waffen-SS pọ̀ mọ́ ọn. Ìṣirò Overmans ni mo máa ń fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú 5,318,000 tó kà, ti ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4,202,000, ti òfuurufú 433,000, ti omi 138,000, Waffen-SS 314,000. Èyí tó kù jẹ́ ti àwọn bíi ọlọ́pàá àti Volkssturm, àwọn bàbá arúgbó àti ọmọdékùnrin tí wọ́n fún níbọn nígbà tí omi ti dé ọ̀fun ní ìparí ọdún 1944. Bí tábìlì yín bá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.8, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Wehrmacht nìkan ni wọ́n kà. Bó bá jẹ́ 5.3, gbogbo wọn ni.

Ẹ má sì rí i pé òpó kan kéré kí ẹ máa rò pé ibẹ̀ rọrùn. Ti omi, 138,000, ló kéré jù nínú mẹ́rin wọ̀nyẹn. Inú rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ọkọ̀ abẹ́ omi wà. Nǹkan bíi 40,000 ọkùnrin ló wọ ọkọ̀ wọ̀nyẹn lọ sójú ogun, nǹkan bíi 30,000 ló bá a rì. Òpó ìrántí wọn wà ní Möltenort lẹ́bàá Kiel, etí omi gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, orúkọ wọn sì wà lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ẹgbẹ́ ológun mìíràn nínú ogun yẹn tí mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ kú tán bẹ́ẹ̀.

Iye orí ìwé, iye ẹnu tó ń jẹun, iye ọwọ́ tó ń yìnbọn

Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ogun máa ń ka ìpín ọmọ ogun, èyí tí wọ́n ń pè ní division: Jámánì ní ìpín báyìí, Rọ́ṣíà ní báyìí. Ẹ ṣọ́ra. Ìpín ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Jámánì tó wọ ogun lọ́dún 1939 ní ènìyàn tó lé ní 17,000 lórí ìwé. Èyí tí wọ́n tún tò lọ́dún 1944 ní nǹkan bíi 12,500. Ìpín tí wọ́n ń pè ní Volksgrenadier, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìparí ọdún náà, ní nǹkan bíi 10,000. Orí ìwé ni mo ṣì ń sọ. Lójú ogun, ìpín kan lè máà tó ìdajì iye yẹn, síbẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ á ṣì wà lórí máàpù Hitler. Bí ẹ bá fi ìpín 1939 ṣírò ogun 1944, ẹ ti fi ọmọ ogun tí kò sí kún un nìyẹn.

Wọ́n tún ń ka ẹnu tó ń jẹun. Verpflegungsstärke ni wọ́n ń pè é, iye tí wọ́n ń bùnjẹ fún. Alásè, dókítà, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin, àwọn ará Soviet tí wọ́n fi ṣe òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Hiwi, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Kampfstärke ni ti àwọn tó wà nínú kòtò ogun pẹ̀lú ìbọn, ó sì máa ń kéré gan-an sí ti oúnjẹ.

Ohun tó jẹ́ kí iye ogun Stalingrad, ìlú kan ní Rọ́ṣíà, máa yí lẹ́nu àwọn èèyàn nìyẹn. Oṣù kọkànlá ọdún 1942 ni àwọn ọmọ ogun Soviet ká ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹfà ti Jámánì mọ́ ibẹ̀. Ìwé kan á ní wọ́n lé díẹ̀ ní 200,000, òmíràn á ní wọ́n sún mọ́ 300,000. Ẹ wo ẹni tí wọ́n kà. Àwọn ará Romania wà níbẹ̀, Hiwi wà níbẹ̀, àwọn kan sì fara gbọgbẹ́ tí ọkọ̀ òfuurufú gbé jáde. Èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni ti ìparí: nǹkan bíi 91,000 ló ju ìbọn sílẹ̀ ní ìparí oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 1943. Nǹkan bíi 6,000 péré ló padà rí Jámánì, àwọn tó kẹ́yìn nínú wọn sì dé ní nǹkan bí ọdún 1955 sí 1956.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìṣirò dáadáa pàápàá. Wọ́n á mú iye òkú gbogbo ogun, wọ́n á pín in mọ́ iye ọmọ ogun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Lọ́dún 1943, nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.5 ló wọ aṣọ ológun Jámánì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi 5.3 lé e lórí, á dà bíi pé ju ìdajì lọ ló kú. Àmọ́ àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá láti 1939 sí 1945 tó mílíọ̀nù 18, nítorí bí ẹnì kan ṣe ń kú tàbí tó ń dá apá ni wọ́n ń mú ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Orí 18 ló yẹ kí ẹ pín in sí: nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́ta. Òkú gbogbo ogun, ọmọ ogun gbogbo ogun. Òkú oṣù kan, ọmọ ogun oṣù yẹn. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lọ́fíìsì wa, màá dá ìwé rẹ̀ padà fún un.

Òpó àwọn àwátì

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nínú ìròyìn ológun Jámánì, "àdánù" pín sí mẹ́ta: òkú, ẹni tó fara gbọgbẹ́, àti àwátì, vermisst lédè wọn. Bí ìwé kan bá ní "wọ́n pàdánù 300,000", kì í ṣe pé 300,000 kú. Ẹni tí ìbọn bà létí tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà wà lára wọn, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bó bá tún fara gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwátì ni èyí tó le jù. Alájọ tó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú kì í kọ owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà tí kò tíì san mọ́ èrè, kì í sì í kọ ọ́ mọ́ òfò. Ó ní ojú ewé tirẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe àwátì. Ẹni tí ọ̀tá mú, ẹni tí bọ́ǹbù fọ́ túútúú, ẹni tó sá lọ, ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú yìnyín nígbà tí wọ́n ń sá, ojú ewé kan náà ni gbogbo wọn wà. Ogun sì parí kí wọ́n tó yanjú rẹ̀.

Ìṣirò tí ọ́fíìsì àgbà Wehrmacht ṣe dé ìparí oṣù kìíní ọdún 1945 fi òkú sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2, ó fi àwátì sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9. Mílíọ̀nù 2 tí ọ̀pọ̀ ìwé ń tún pè dòní nìyẹn. Wọ́n ka òpó àkọ́kọ́, wọn ò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn ò sì wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé. Oṣù mẹ́ta ó lé ṣì kù kí ogun parí, ọdún 1945 yẹn sì wà lára ìgbà tó pa wọ́n jù. Nínú oṣù kìíní ọdún 1945 nìkan, ìṣirò Overmans fi òkú sí ohun tó lé ní 450,000. Ìyẹn ju gbogbo ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó kú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ogun náà lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní yẹn títí wọ́n fi túúbá lóṣù karùn-ún, ó lé ní mílíọ̀nù 1.2 tó kú nínú ìjà ìkẹyìn.

Kí ló dé tí àwọn tó ń kọ ìwé nígbà náà kò rí i? Àwọn dókítà ológun ló ń kó iye jọ ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìròyìn wọn ṣeé gbára lé nígbà tí ojú ogun bá dúró sójú kan. Bí ọ̀tá bá ká wọn mọ́ ńkọ́? Akọ̀wé tó yẹ kó fi ìròyìn ránṣẹ́ náà ti há sínú páńpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Belarus nìyẹn. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1944 ni àwọn ọmọ ogun Soviet ya bo ẹgbẹ́ ọmọ ogun àárín gbùngbùn ti Jámánì, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìpín bíi 28 ti fọ́. Bàbá Oma wà níbẹ̀, lápá ìlú Bobruisk. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ẹ bá rí i pé àdánù lọ sílẹ̀ lójijì nínú tábìlì lóṣù tí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n nà wọ́n bí ẹni máa kú, ẹ má sọ pé ara tù wọ́n. Ẹni tó ń kọ̀wé ni kò sí mọ́.

Bí Overmans ṣe wá rí 5.3? Láti oṣù kẹjọ ọdún 1939, ọjọ́ díẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ni ọ́fíìsì kan ti ń kó káàdì àwọn ọmọ ogun jọ ní Berlin. WASt ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí bọ́ǹbù pọ̀ lọ́dún 1943, wọ́n kó wọn lọ sí Thuringia. Lẹ́yìn ogun wọ́n kó wọn padà. Mílíọ̀nù lọ́nà 18 káàdì ló wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kọ nǹkan kún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ogun ti parí: ẹni tó dé láti ẹ̀wọ̀n, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ gba ìwé ikú, ẹni tí wọ́n hú egungun rẹ̀. Overmans kò ka gbogbo rẹ̀. Ó mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì jáde láìṣojúsàájú, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó sì fi wọ́n díwọ̀n èyí tó kù, bí àwa tí à ń yẹ ìwé ilé iṣẹ́ ńlá wò ṣe máa ń ṣe. Àwọn kan ṣì ń bá a jiyàn, àgàgà lórí ibi tí ó pín àwọn òkú sí, nítorí ẹni tí a kò mọ ibi tó kú sí, àfojúdíwọ̀n la fi ń gbé e sí ojú ogun kan. Lójú tèmi, àròpọ̀ rẹ̀ lágbára ju ìpín rẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ ikú náà. Lórí ìwé bàbá Oma, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1945 ni wọ́n kọ sí ibi ọjọ́ ikú. Ogun ti parí láti oṣù méje sẹ́yìn nígbà náà! Kóòtù ló fún un lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ogun, àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn di àwátì ní láti gba ìwé ikú kí wọ́n tó lè gba owó opó tàbí kí wọ́n fẹ́ ẹlòmíràn, kóòtù sì fi ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1945 ṣe ọjọ́ ikú fún ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá rí ọjọ́ yẹn lórí ìwé ẹnikẹ́ni, ẹ kà á sí "a ò mọ̀".

Ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní ìhà Soviet tún ní tirẹ̀. Ìwé Soviet ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 ará Jámánì ni àwọn forúkọ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, nǹkan bíi 357,000 nínú wọn sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí fún ìjọba ìwọ̀ oòrùn Jámánì lẹ́yìn ogun ní mílíọ̀nù 3 ni wọ́n mú, ó lé ní mílíọ̀nù 1 tó kú. Ẹ wo gbólóhùn náà "forúkọ sílẹ̀". Ẹni tó kú lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé àgọ́, ta ló fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀?

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú wọn jù, ẹ gbé iye ìhà kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wehrmacht mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.7 ọmọ ogun Soviet, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.3 nínú wọn ló kú lọ́wọ́ wọn, ebi ló pa ọ̀pọ̀, wọ́n yìnbọn pa àwọn mìíràn. Ní gbogbo ilẹ̀ Soviet, nǹkan bíi mílíọ̀nù 27 ẹ̀mí ló lọ. Mi ò kì í fi tábìlì àdánù Jámánì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láìfi èyí tẹ̀ lé e. Oma náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwòrán bàbá rẹ̀ nínú aṣọ ológun wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ń fẹ́ mọ ibi tó sùn sí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ pè é ní akọni.

Ààlà ilẹ̀

Èyí kò gùn. Ẹ béèrè pé ta ni wọ́n kà sí ará Jámánì. Nínú 5,318,000 yẹn, nǹkan bíi 4,456,000 ló wá láti inú ààlà Jámánì ti ọdún 1937. 261,000 jẹ́ ará Ọ́stríà, 534,000 jẹ́ ọmọ Jámánì tó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè ìlà oòrùn Yúróòpù, 30,000 wá láti Alsace-Lorraine tó jẹ́ ti Faransé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn ni wọ́n fi tipátipá mú. Ẹni tó bá ní mílíọ̀nù 4.5 àti ẹni tó bá ní 5.3 lè máa ka ìwé kan náà.

Ẹ tún ya òkú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ọ̀tá pa. Ti òde òní ló rọrùn láti fi rí i: láàárín ogún ọdún tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì ti ìsinsìnyí, Bundeswehr, fi wà ní Afghanistan, 59 nínú wọn ló kú síbẹ̀, 35 sì ni ọwọ́ ọ̀tá pa. Jàǹbá ọkọ̀ àti nǹkan bẹ́ẹ̀ ló pa ìyókù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú 59, ẹ wo bí ó ṣe máa rí nínú mílíọ̀nù, tí àìsàn àti òtútù dá sí i.

Àwọn tó kú ní ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún

Bí ẹ bá ń ka ti ogun 1914, ẹ rántí pé Jámánì jagun ní Áfíríkà náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó bá wọn jà. Láti Yola ni Nigeria Regiment ti gbéra lọ sí Garua ní Kamẹrúùnù lóṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì lù wọ́n padà. Òkè Mora ló túúbá kẹ́yìn, lóṣù kejì ọdún 1916. Àwọn tó wọ aṣọ ológun Jámánì níbẹ̀, àwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn: àwọn òyìnbó tó nǹkan bíi 200 nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ lé ní 1,500. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nígbà tí Lettow-Vorbeck, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Jámánì níbẹ̀, ju ìbọn sílẹ̀ ní Abercorn (ní Zambia òde òní) lóṣù kọkànlá ọdún 1918, ọmọ Jámánì 155 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, askari, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, jẹ́ 1,168. Ti àwọn aláàárù tí wọ́n ru ẹrù ogun ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, ebi àti àrùn pa wọ́n bí eṣinṣin, kò sì sí ẹni tó gé káàdì fún wọn. Bí tábìlì kan bá wá ní "àdánù Jámánì ní Áfíríkà" tó sì kéré, ẹ béèrè bóyá òyìnbó nìkan ni wọ́n kà. Ó sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan lẹ ń wá

Ó ṣeé ṣe kí ẹ fẹ́ sí ilé Jámánì bíi tèmi, tàbí kí ẹ máa tọ́jú àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó ń béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ kó nǹkan mẹ́ta jọ: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ ìbí, ìlú ìbí. Láìsí ọjọ́ ìbí, ẹ ò ní lè ya Karl Müller kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn lẹ́tà ogun bí wọ́n bá ṣì wà. Nọ́ńbà márùn-ún kan á wà lẹ́yìn orúkọ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Feldpostnummer nìyẹn, òun ló ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ tó wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Volksbund, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ibojì ogun. Ẹ̀bá Kassel níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, ọdún 1919 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìtẹ́ òkú tó lé ní 830 ló wà lábẹ́ àbójútó wọn ní orílẹ̀-èdè bíi 46. Ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi tí ẹ ti lè tẹ orúkọ, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé ẹni náà wà ní ibojì báyìí, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà àti nọ́ńbà sàréè, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bí wọ́n bá ní orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbé e sí ìtẹ́ òkú wọn, ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Wọ́n ṣì ń hú òkú ogun yẹn dòní.

Ohun tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan tó rí bí ẹyin, tó ní ihò lójú ìlà àárín rẹ̀ kó lè rọrùn láti ṣẹ́. Ohun kan náà ni wọ́n tẹ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀. Bí ṣọ́jà bá kú, wọ́n á ṣẹ́ ìsàlẹ̀ lọ fún ìròyìn, òkè á wà lọ́rùn òkú. Bí wọ́n bá wá hú egungun tí irin rẹ̀ pé odindi, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ròyìn ikú rẹ̀, inú òpó àwátì ló wà. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun tó wà lára irin náà: ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ ni wọ́n tẹ̀ sí i, ó lè máà jẹ́ ẹgbẹ́ tó kú sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ̀wé sí Bundesarchiv, ilé àkójọ ìwé ìjọba Jámánì, ní Berlin. Àwọn ló gba káàdì WASt láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Fọ́ọ̀mù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ bí ẹni náà ṣe jẹ́ sí yín. Kì í yá, ẹ fọkàn sí oṣù, ẹ má fọkàn sí ọ̀sẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá wa lóhùn to ẹgbẹ́ tí bàbá Oma wà láti ọdún dé ọdún, ọgbẹ́ kan ní 1942 tí Oma ò gbọ́ rí, àti ilé ìwòsàn tó gbé e sí. Ìlà tó kẹ́yìn ni Bobruisk, oṣù kẹfà 1944, vermisst.

Bí ó bá já sí vermisst, ẹ kàn sí Red Cross Jámánì, ẹ̀ka ìwákiri wọn ní Munich. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n tẹ ìwé àwòrán àwọn àwátì, orúkọ bíi mílíọ̀nù 1.4 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n ní ẹgbẹ́ ológun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń gbé e lọ bá àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé: ẹ wò ó, ta lẹ mọ̀ níbí? Ojú kékeré-kékeré ni, bí àwòrán pásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí àti iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti bàbá Oma wà níbẹ̀, káfíńtà ni wọ́n kọ sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ti ogun 1914 yàtọ̀. Iná bọ́ǹbù jó ilé ìwé àwọn ológun ní Potsdam lóṣù kẹrin ọdún 1945, fáìlì àwọn ọmọ ogun Prussia sì bá a lọ. Bí ẹni tí ẹ ń wá bá jẹ́ ará Bavaria, ẹ dúpẹ́, ti wọn wà ní Munich. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Verlustlisten, ìwé àdánù tí ìjọba ń tẹ̀ jáde nígbà ogun. Ó lé ní 31,000 ojú ewé, àwọn ọlọ́yàyà tó fẹ́ràn ìtàn ìdílé ti tẹ orúkọ inú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye ìlà tó wà níbẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 9, ṣùgbọ́n ìlà kọ́ ni ènìyàn. Ẹnì kan lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "l. verw." lóṣù kìíní, ó fara gbọgbẹ́ díẹ̀, "verm." lóṣù kẹsàn-án, ó di àwátì, lẹ́yìn náà "bish. verm., in Gefgsch.", àwátì ti tẹ́lẹ̀ ti wà lẹ́wọ̀n. Ẹ máa wá ìlà tó kẹ́yìn nígbà gbogbo. Lẹ́tà àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, s ibẹ̀ jọ f, k jọ t, nítorí náà bí ẹ kò bá rí orúkọ, ẹ yí lẹ́tà rẹ̀ pa dà kí ẹ tún wá a.

Bí gbogbo wọn bá ní àwọn ò rí nǹkan kan, ẹ lọ sí abúlé tó ti wá. Ó ṣọ̀wọ́n kí abúlé kan máà ní òkúta ìrántí lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé ìbí àti ikú níbẹ̀, kí ẹ ní ìwé ìkéde ikú láti kóòtù lẹ ń wá, kì í ṣe ìwé ikú lásán. Orúkọ ẹni tó jẹ́rìí máa ń wà nínú ìwé ìkéde, ẹni tó rí i kẹ́yìn, àti ibi tó ti rí i.